Ìpín Ta Ni Wọ́n Fi San Án? Àwọn Ẹgbẹ́ Oníbọn Amẹ́ríkà àti Òfin Ọdún 1986

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington dìbò lórí àbá òfin kan tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbọn ti ń lé kiri láti ọdún 1979. Ìbò 292 gbè é, 130 lòdì sí i. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dì ìbò ìkẹyìn, William Hughes, aṣòfin láti New Jersey, ti fi gbólóhùn kan kún un: láti ọjọ́ tí ààrẹ bá ti fọwọ́ sí òfin náà, ará ìlú kankan kò gbọdọ̀ ní ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun mọ́. Ìbọn tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni irú èyí tó máa ń da ọta sílẹ̀ láìdúró níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó mú un kò bá tíì gbé ìka kúrò níbi tó fi ń yìn ín.

NRA, ẹgbẹ́ tó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1871, wá dé oríta. Ṣé kí wọ́n gba òfin náà pẹ̀lú ohun tí Hughes fi sínú rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílé aṣòfin àgbà pa gbogbo rẹ̀? Wọ́n gbà á. Láti ìgbà náà, bí àwọn oníbọn Amẹ́ríkà bá ń jiyàn láàárín ara wọn pé ṣé ó yẹ kí àwọn máa bá ìjọba dúnàádúrà ni, àbí kí gbogbo ẹgbẹ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má yẹsẹ̀, orúkọ Hughes kì í pẹ́ jáde. Àwọn kan á ní ọlọ́gbọ́n ni NRA. Àwọn mìíràn á ní ọ̀dàlẹ̀ ni.

Èrò tèmi ni pé ìdúnàádúrà 1986 fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tó burú ni pé ìpín àwọn tó kéré jù láàárín wọn ni wọ́n fi san owó ọjà náà, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè, kò sì sí ẹni tó padà wá san gbèsè náà fún wọn. Èyí ni mo fẹ́ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà hàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà lè máa wò ó pé kí gan-an ni wọ́n ń jà sí. Lọ́dọ̀ tiwa, láísẹ́ńsì ni. Ìjọba ló ń fún ni, ìjọba ló sì lè gbà á padà. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn, tó ti wà láti 1791, ka níní ohun ìjà àti gbígbé e mọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú. Bí àwọn èèyàn bá gbà pé ẹ̀tọ́ làwọn ń gbèjà, ó máa ń ṣòro fún wọn láti fi apá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ láti rí apá kejì. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Texas tàbí Georgia lónìí, tó sì ní ìbọn nílé, wà lábẹ́ òfin 1986 yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kí Hughes tó dé

Ọdún 1934 ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn jàǹdùkú tó ń ta ọtí tí òfin kọ̀ ti fi ìbọn Thompson, irú ìbọn arọ̀jò-ọta kan, pa ara wọn nípakúpa ní Chicago àti láwọn ìlú mìíràn, ẹ̀rù sì ti ba aráàlú. Ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt gbé àbá òfin kan wá: kí ẹni tó bá ní ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú, tàbí ìbọn ìléwọ́, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n sì máa san owó orí $200 nígbàkigbà tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ńlá ni $200 nígbà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ń ta ìbọn Thompson fúnra rẹ̀. Àwọn NRA ta ko bí wọ́n ṣe fi ìbọn ìléwọ́ sí i, wọ́n bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ìbọn ìléwọ́ sì jáde kúrò nínú àbá náà. Ìbọn arọ̀jò-ọta dúró síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní nílé bọ́, ohun tí ìwọ̀nba èèyàn ní kò bọ́. Ọdún méjìléláàádọ́ta ṣì wà kí ti Hughes tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ikú àwọn ẹni ńlá dé. Wọ́n pa Ààrẹ John Kennedy lọ́dún 1963 pẹ̀lú ìbọn tí apànìyàn náà fi lẹ́tà rà láti ilé ìtajà kan. Lọ́dún 1968 wọ́n pa Martin Luther King ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì pa Robert Kennedy ní oṣù Kẹfà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìbọn tuntun: kò sí fífi lẹ́tà ra ìbọn láti ìpínlẹ̀ mìíràn mọ́, ẹni tó bá ń ta ìbọn gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì, bí èèyàn bá ra ọta lásán, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn olórí NRA ìgbà náà kò fi taratara gbógun ti òfin yìí. Wọ́n ní àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá lè fara da ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wá mú òfin náà ṣẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọtí, tábà àti ìbọn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ATF, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn èèyàn lọ sílé ẹjọ́ nítorí àṣìṣe inú ìwé, tàbí nítorí pé wọ́n ta ìbọn mélòó kan nínú èyí tí wọ́n kó jọ láìní láísẹ́ńsì. Lọ́dún 1982, ìgbìmọ̀ kékeré kan nílé aṣòfin àgbà, tí Sẹ́nétọ̀ Orrin Hatch jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìròyìn jáde pé nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ ìbọn tí ATF ń pè ló jẹ́ pé èèyàn lásán ni wọ́n fi mú, àwọn tí kò ní èrò ibi lọ́kàn tí wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń rú òfin. Ẹni tó bá ka ìròyìn yẹn á mọ ìdí tí inú fi ń bí wọn. Èmi náà kà á sí ìwà ìyànjẹ, mi ò sì ní fi ẹnu pọ́n ọn lé.

Kó tó di 1982, NRA ti yí padà. Àwọn olórí àtijọ́ ti ń múra láti kó oríléeṣẹ́ kúrò ní Washington lọ sí Colorado Springs, kí ẹgbẹ́ lè gbájú mọ́ ọdẹ ṣíṣe àti ìdárayá, kí wọ́n sì yé dá sí òṣèlú. Ní ìpàdé ọdọọdún wọn ní Cincinnati, ní oṣù Karùn-ún 1977, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí Harlon Carter àti Neal Knox kó sòdí lo ìlànà ìpàdé fúnra rẹ̀ láti yọ àwọn olórí náà. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó parí. Carter di ọ̀gá. Knox wá di olórí ẹ̀ka tó ń bá àwọn aṣòfin ṣe. Látìgbà náà ni NRA ti di ẹgbẹ́ tó sọ pé òun kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé Carter kan náà ló yọ Knox níṣẹ́ lọ́dún 1982, torí pé Knox le jù, kì í fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n fi nǹkan kan gba òmíràn. Ọdún márùn-ún péré, ìjà tó gbé wọn dépò ti wọ àárín àwọn fúnra wọn.

Ọjọ́ ìbò

Àwọn méjì ló gbé àbá òfin náà: James McClure, Sẹ́nétọ̀ láti Idaho, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, àti Harold Volkmer láti Missouri, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Ilé aṣòfin àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1985, ìbò 79 gbè é, 15 lòdì. Ilé kejì ni ìṣòro wà. Peter Rodino, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀, ti sọ fún aráyé pé òkú ni òun á ka àbá náà sí nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ òun. Ó sì lágbára láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, torí bí alága kò bá gbé àbá jáde nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, kò sí bí ilé ṣe lè dìbò lé e lórí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ó sì ṣòro. Bí aṣòfin 218 nínú 435 bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ilé lè fa àbá yọ lọ́wọ́ alága tipátipá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà yọrí sí rere, torí kò sí aṣòfin tó fẹ́ bá alága kankan ṣọ̀tá. Volkmer kó ìbuwọ́lù 218 jọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NRA kárí ìpínlẹ̀ ló fi lẹ́tà àti ìpè orí fóònù ti àwọn aṣojú wọn síbi tí wọ́n á fi buwọ́ lù ú. Bí Rodino ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun, òun àti Hughes sáré gbé àbá tiwọn jáde kí ó lè dí ti Volkmer lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìṣọ̀kan lè ṣe, kó wo ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn ọlọ́pàá wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n tò sí ọ̀nà tí àwọn aṣòfin ń gbà wọlé, kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè rí ojú wọn kó tó lọ dìbò. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ìbọn bá ń kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn fàlàlà, àwọn ni yóò bá a pàdé lójú pópó. Kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin ẹlẹgbẹ́ wọn. Nítorí tiwọn, àtúnṣe kan wọlé pé títa ìbọn ìléwọ́ fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn ṣì jẹ́ èèwọ̀. Àwọn NRA fara mọ́ ọn, torí ìbọn gígùn, èyí tí ọdẹ ń lò, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn fẹ́ máa rà níbòmíràn.

Àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ti ń lọ tán nígbà tí Hughes tún dìde. Ó ní òun kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ta ko kí wọ́n fòfin de ìbọn arọ̀jò-ọta. Kò sí àríyànjiyàn tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀. Charles Rangel láti New York, tó jókòó sórí àga alága lásìkò náà, ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé rárá. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ló pọ̀ jù. Ohùn ló fi dá a. Títí dòní, ọ̀pọ̀ oníbọn gbà pé àwọn tó sọ pé rárá ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé Rangel kàn gbá a wọlé ni. Ìjà yẹn kò lè tán láé, mi ò sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tí àwọn tí Hughes kò lágbára lórí wọn wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpinnu náà

Láàárín ọjọ́ ìbò yẹn àti ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, tí ilé aṣòfin àgbà fi fọwọ́ sí ohun tí ilé kejì ṣe, ó ku nǹkan bí oṣù kan. Ọwọ́ NRA ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ní kí McClure àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn kọ gbólóhùn Hughes, àbá náà á ní láti padà sí ilé Rodino, Rodino ò sì ní jẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé ẹ̀bẹ̀ 218 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wà lórí àtẹ kò kéré rárá. Òfin náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo oníbọn sí. Ó dín ìgbà tí ATF lè wọ ilé ìtajà ìbọn wò kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ó fagi lé kíkọ orúkọ ẹni tó bá ra ọta. Ó ní èèyàn kò lè jẹ̀bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀sùn ìbọn láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó tún ní kí ẹni tó ń rìnrìn àjò la ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ le kọjá má fara gbá ẹ̀sùn, bí ìbọn rẹ̀ kò bá ti ní ọta nínú, tí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ kò ti lè tètè tó o. Bí àbá náà bá kú, àwọn tí ATF ń fà kiri ilé ẹjọ́ ni yóò máa fara gbá a lọ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sípò wọn ní oṣù náà, èmi náà ì bá gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká má fi ohunkóhun sílẹ̀. Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlẹ̀kùn tì: ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ará ìlú lè máa rà á lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àti ọlọ́pàá nìkan ló wà fún. Láàárín ìgbà tí Hughes sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí Reagan fọwọ́ sí i, àwọn tó ń ṣe é ń sáré forúkọ sílẹ̀ ni.

Ta ni àwọn tó fara gbá a? Àwọn tó ń kó ohun ìjà ogun àtijọ́ jọ ni, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké tó ń ṣe é tà, àti àwọn tó ń lọ yìn ín ṣeré níbi ìyìnbọn. Láti 1934 ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi àmì ìka wọn lé ìjọba lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń san $200 wọn. Ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fi ìbọn tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ hù kò wọ́pọ̀ rárá. Mi ò wá sí ibí láti sọ bóyá ó yẹ kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà nílé ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ìjà mìíràn ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ bíi ti àwọn tó kù, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí aṣòfin wọn fún ìwé ẹ̀bẹ̀ Volkmer bíi ti àwọn tó kù. Nígbà tí ẹbí bá jẹ gbèsè, tí wọ́n wá ta ilẹ̀ tó jẹ́ ìpín ọmọ tó kéré jù láti fi san án, ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó bá padà dé ilé, ilẹ̀ ọmọ yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà padà.

Ìlérí irú bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fọkàn balẹ̀, pé ilé ẹjọ́ yóò wọ́gi lé gbólóhùn Hughes. Ọkùnrin kan ní Georgia tọrọ àyè láti ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun, ATF kọ̀ fún un, ó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ó borí níbi àkọ́kọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà lọ́dún 1990, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ lọ́dún 1991. Ibẹ̀ ni ìlérí náà parí sí. Nígbà tí ìbọn tó wà nílẹ̀ kò lè pọ̀ sí i mọ́, owó rẹ̀ ń gòkè ni. Ìbọn M16 kan tí ará ìlú lè rà lónìí ń lọ ju $30,000.

Àwọn tó ní àwọn ò ní yẹsẹ̀

Ẹgbẹ́ mìíràn ti wà láti àárín àwọn ọdún 1970 tí wọ́n ń pè ní Gun Owners of America. H. L. Richardson, aṣòfin ní California, ló dá a sílẹ̀, Larry Pratt ló sì darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ron Paul, aṣòfin láti Texas, ló yìn wọ́n pé àwọn nìkan ni ẹgbẹ́ oníbọn tí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ ní Washington. Wọ́n sì fi gbólóhùn náà ṣe àmì ara wọn. Ọ̀pọ̀ tí Hughes dun kó lọ sọ́dọ̀ wọn. Lójú wọn, ìṣọ̀kan kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ: kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ̀, kí gbogbo wọn sì jọ kọ̀ ọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọkàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò rí bó ṣe lè gbé ìwé òfin kan jáde nílé Rodino lọ́dún 1986. Bí wọ́n bá ti kọ̀ tán, ATF ṣì ń bọ̀ lọ́la.

Ìṣọ̀kan abẹ́ NRA náà kò sì fìgbà gbogbo dára. Ẹ wo ìdájọ́ tó tóbi jù tí wọ́n rí gbà láyé wọn. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ District of Columbia àti Heller, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ìbò 5 sí 4 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àtúnṣe kejì ń dáàbò bò. Kì í ṣe NRA ló pe ẹjọ́ náà. Agbẹjọ́rò mẹ́ta, Robert Levy, Clark Neily àti Alan Gura, ló dáwọ́ lé e. Ẹ̀rù ba NRA pé bí wọ́n bá pàdánù, gbogbo nǹkan á bàjẹ́, wọ́n sì gbìyànjú láti da ẹjọ́ náà pọ̀ mọ́ tiwọn. Ká ní àwọn mẹ́ta yẹn ti gbọ́ràn nítorí ìṣọ̀kan, kò ní sí Heller lọ́dún náà.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹjọ́. Nígbà tí àwọn adájọ́ ń da ìbéèrè bo Gura, ó gbà pé ìjọba lè fòfin de ìbọn arọ̀jò-ọta. Inú bí àwọn oníbọn kan gidigidi. Ó ní láti gbà bẹ́ẹ̀ kó tó lè rí ìbò márùn-ún, mo sì gbà á gbọ́. Adájọ́ Antonin Scalia fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé yóò yani lẹ́nu bí òfin tó de irú ìbọn yẹn bá wá di ohun tí kò bá ìwé òfin mu. Agbẹjọ́rò tó ta ko NRA nínú ọgbọ́n ìjà náà fi ìpín kan náà san owó ọjà tirẹ̀.

Gbèsè tí kò sẹ́ni tó san

Ìgbà tí owó padà dé ilé ni mo fi ń dá wọn lẹ́jọ́. Láti 2003 títí di ìparí 2006, ẹgbẹ́ Republican ló ni ààfin ààrẹ àti ilé aṣòfin méjèèjì. Lọ́dún 2005 NRA gba òfin kan tó dáàbò bo àwọn tó ń ṣe ìbọn àti àwọn tó ń tà á kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọ̀daràn bá fi ìbọn pa lára. Iṣẹ́ ńlá ni. Gbólóhùn Hughes dúró síbi tó wà. Lọ́dún 2017 àti 2018, agbára tún bọ́ sọ́wọ́ wọn bákan náà, gbólóhùn Hughes tún dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017 gan-an tún wá burú sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọkùnrin kan yìnbọn láti fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì sí àwọn tó ń gbọ́ orin ní Las Vegas, ó sì pa èèyàn tó lé ní àádọ́ta. Àwọn ìbọn rẹ̀ ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní bump stock, tó máa ń jẹ́ kí ìbọn lásán yára yìn bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, NRA gbé ọ̀rọ̀ jáde pé kí ATF tún nǹkan náà yẹ̀ wò, pé ó yẹ kí òfin tó le sí i wà fún un. Lójú ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sílẹ̀, ó yé mi ìdí tí wọ́n fi wá ohun kan láti fi sílẹ̀. Gun Owners of America kọ̀, nígbà tí ìjọba sì wá fòfin dè é, wọ́n lọ sílé ẹjọ́. Ní ìparí 2018, ìjọba Donald Trump kéde pé ìbọn arọ̀jò-ọta ni bump stock jẹ́. Wàyí o, nítorí gbólóhùn Hughes, kò sí bí ẹni tó ní i ṣe lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó san $200: kó bà á jẹ́ tàbí kó kó o lé ìjọba lọ́wọ́, kò sì sí owó gbà-má-bínú kankan fún un. Ìpín tí wọ́n kò rà padà láti 1986 ló wá di okùn tí wọ́n fi so ẹlòmíràn. Oṣù Kẹfà 2024 kó tó di pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, nínú ẹjọ́ kan tí ọ̀gbẹ́ni Michael Cargill láti Texas pè, fi ìbò 6 sí 3 sọ pé ATF kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025, Trump fọwọ́ sí òfin owó ńlá kan. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ oníbọn kọ́kọ́ fẹ́ ni kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn láti dín ariwo rẹ̀ kù, àti ìbọn gígùn tí wọ́n gé kúrú, kúrò nínú òfin 1934 pátápátá. Ẹni tó ń tọ́ ilé aṣòfin àgbà sọ́nà lórí ìlànà ní ìyẹn kò lè bá òfin owó lọ. Ohun tó jáde ni pé owó orí $200 di òfo lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Òfin náà yọ ìbọn arọ̀jò-ọta àti ohun abúgbàmù sílẹ̀. $200 tiwọn ṣì wà.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ tún fi gba ilé ẹjọ́ lọ, ní ọ̀wọ́ méjì. Gun Owners of America àti àwọn tirẹ̀ pe ẹjọ́ kan ní Texas. NRA àti àwọn ẹgbẹ́ tó bá a lọ pe tiwọn lọ́tọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé bí owó orí bá ti di òfo, ìjọba kò ní àṣẹ láti máa fi dandan mú èèyàn forúkọ sílẹ̀ mọ́. Àwọn ohun tí owó orí wọn ti di òfo nìkan ni ìbéèrè wọn kàn. Àwọn tó ń dúnàádúrà àti àwọn tó ní àwọn kì í fi ohunkóhun sílẹ̀, àwọn méjèèjì ló fi ìbọn arọ̀jò-ọta sílẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́ wọn.